Àwọn mẹkáníìkì dísẹ̀lì tí wọ́n jí bọ́ọ̀sì wa dìde lẹ́yìn ọdún mẹ́fà: ibi tí iṣẹ́ wọn dára dé àti ibi tí ó kù sí

Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bọ́ọ̀sì wa kọ́kọ́ dún lẹ́yìn ọdún mẹ́fà tí ó ti dákẹ́, kì í ṣe inú táǹkì rẹ̀ ni ó ti ń fa dísẹ̀lì. Inú kẹ́ẹ̀gì kékeré kan ni, tí wọ́n gbé sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n sì fi rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀ so mọ́ pọ́ǹpù. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi kẹ́ẹ̀gì yìí bẹ̀rẹ̀, nítorí pé ọgbọ́n tí ó wà nídìí rẹ̀ ni olórí ohun tí mo fi ń gbóríyìn fún iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, òun kan náà ni ó sì jẹ́ kí n rí ibi tí iṣẹ́ ọ̀hún kù sí.

Iṣẹ́ náà ni ti àwọn mẹkáníìkì tí wọ́n ń gbé irinṣẹ́ tọ ọkọ̀ dísẹ̀lì lọ síbi tí ó bá dúró sí, tí wọn kì í sọ pé kí a wọ́ ọ wá bá wọn. Ọ̀gá kan àti ọmọṣẹ́ méjì ni wọ́n wá bá wa. Bọ́ọ̀sì náà jẹ́ ti bàbá mi, tí wọ́n fi kó èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó gbé e sábẹ́ àtíbàbà nígbà tí ara wọn kò gbé e mọ́. Ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀ ni Mercedes-Benz OM 352, onípísítìn mẹ́fà tí wọ́n tò sórí ìlà kan, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ lítà 5.7, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1964. Ẹ́ńjìnnì tí ó lè fara da ìyà ni, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan lára rẹ̀ tí yóò sọ ohun tí ń dùn ún fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tí yóò bá tọ́jú rẹ̀ ní láti fojú wò ó, kí ó fetí sí i, kí ó sì fọwọ́ kàn án.

Kí a tó pè wọ́n, ẹnìkan ti kọ́kọ́ wá. Onítọ̀hún kò tíì ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì tán tí ó fi ní kí a lọ gbé bátìrì tuntun méjì wá, kí a sì wá agolo ether tí wọ́n ń fọ́n sí ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ó lè tètè sítáàtì. Bàbá mi kọ̀, mo sì ń dúpẹ́ títí di òní pé wọ́n kọ̀. Ether máa ń gbiná kí písítìn tó dé òkè, iná tí ó bá sì ṣẹ́ ṣáájú àkókò rẹ̀ lè fọ́ ríǹgì ara písítìn tàbí kí ó la písítìn fúnra rẹ̀, pàápàá nínú ẹ́ńjìnnì tí ọ́ìlì ti gbẹ lára ògiri sílíńdà rẹ̀.

Ìbéèrè ni ọ̀gá tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀ ní tiwọn. Wọ́n jókòó ti bàbá mi, wọ́n béèrè bóyá ọkọ̀ náà fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé ibi tí ó wà tàbí ńṣe ni wọ́n wọ́ ọ débẹ̀; wọ́n béèrè iye dísẹ̀lì tí ó wà nínú táǹkì, ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì kẹ́yìn, àti ohun tí ó ń fún wọn ní wàhálà jù lára ọkọ̀ náà ní àwọn oṣù tí wọ́n lò ó kẹ́yìn. Bàbá mi dá wọn lóhùn pé, “Ọ̀gá, bí dísẹ̀lì bá ti lọ sísàlẹ̀ ìdajì táǹkì, ó máa ń wúkọ́ bí ẹni pé ó fẹ́ kú, pàápàá bí a bá ń gun òkè.” Ọ̀gá mi orí, wọ́n ní, “Ó dáa, Bàbá, a ó wò ó.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, nítorí pé mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tí ó fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Ọ̀pá tí a fi ń wo ọ́ìlì ni wọ́n kọ́kọ́ fà yọ, ọ́ìlì sì ga ju àmì òkè lọ, èyí tí ó yẹ kí ó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, torí pé ọ́ìlì kì í dédé pọ̀ sí i níbi tí ó jókòó sí. Ó ní láti jẹ́ pé dísẹ̀lì tàbí omi ti wọ inú rẹ̀. Ọ̀gá gbé ìgò funfun lítà kan sábẹ́ nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì, wọ́n tú nọ́ọ̀tì náà díẹ̀ láìyọ ọ́ tán, wọ́n sì dúró. Ohun tí ó kọ́kọ́ jáde kì í ṣe ọ́ìlì. Omi ni, ó pọ́n bí ìpẹtà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ìgò náà kí fọ́nrán dúdú ọ́ìlì tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wọ inú rẹ̀. Omi wúwo ju ọ́ìlì lọ, ìsàlẹ̀ pátápátá ni ó máa ń lọ jókòó sí, nítòsí ibẹ̀ gan-an sì ni ẹnu pọ́ǹpù ọ́ìlì wà. Ká ní a ti yí kọ́kọ́rọ́ lọ́jọ́ náà, omi ìpẹtà ni ẹ́ńjìnnì ì bá kọ́kọ́ fi ra bẹ́ríǹ rẹ̀.

Wọn kò fi mọ síbẹ̀. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ pé gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì, èyí tí kì í jẹ́ kí omi rédíétọ̀ wọ inú ọ́ìlì, ti jó, ì bá sì ní kí a tú orí rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá fi pọ́ǹpù ọwọ́ ti afẹ́fẹ́ sínú rédíétọ̀, wọ́n wo géèjì rẹ̀ fún ìdajì wákàtí, kò sì lọ sílẹ̀ rárá. Ìyẹn ni pé kì í ṣe omi rédíétọ̀ ni ó ń wọlé. Nígbà tí wọ́n gbójú sókè ni wọ́n rí ihò kan lára àtíbàbà, tí ó ń jò tààrà sórí ìdérí ibi tí a ń bu ọ́ìlì sí, rọ́bà abẹ́ ìdérí náà sì ti gbẹ, ó ti là. Òjò ọdún mẹ́fà ni ó wà nínú ìgò wa.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tú nọ́sù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ń fọ́n dísẹ̀lì sínú sílíńdà, wọ́n bu ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ díẹ̀ sínú ihò kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kí ọ́ìlì lè ráyè wọ àárín ríǹgì àti ògiri sílíńdà. Ní òwúrọ̀, wọ́n fi sípánà ńlá àti irin gígùn sí nọ́ọ̀tì iwájú kíráǹkì, ọ̀pá tí àwọn písítìn ń yí, ọ̀gá fúnra wọn sì ń fi ọwọ́ yí i. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ó yí dé ìwọ̀n kan, ó rọ̀, kò há. Lẹ́yìn náà ó dúró gbọn-in. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọṣẹ́ na ọwọ́ láti bá wọn ti irin náà, ọ̀gá sì gbá ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kí èmi náà yí i díẹ̀ kí n lè mọ ìyàtọ̀: ohun tí ìpẹtà bá dì máa ń fà, ó máa ń jọ pé ó fẹ́ gbà díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n èyí dún kọ̀ọ̀ bí ìgbà tí irin bá kan irin. Wọ́n yí i padà sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n sì ṣí ìdérí orí fáàfù.

Fáàfù èéfín sílíńdà karùn-ún ni, ìlẹ̀kùn kékeré tí èéfín ń gbà jáde. Ìpẹtà ti dì í mọ́ inú ihò tí ó ti ń lọ sókè sódò, ó sì wà ní ṣíṣí. Nígbà tí písítìn gòkè, orí fáàfù náà ni ó lọ kàn. Nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ̀lì, àlàfo tí ó máa ń kù láàárín písítìn àti orí ẹ́ńjìnnì nígbà tí písítìn bá gòkè tán kéré gan-an, torí pé kò sí iná píláàgì tí yóò tan dísẹ̀lì. Fífún afẹ́fẹ́ pọ̀ títí ooru rẹ̀ yóò fi ju 500°C lọ ni ó ń mú un gbiná. Ọwọ́ ènìyàn mọ̀ pé ohun kan ti dí i lọ́nà, ṣùgbọ́n sítátà kò mọ̀. Sítátà ì bá ti tẹ fáàfù náà kọ́dọ́rọ́, ì bá sì ti lu ojú písítìn, gbogbo rẹ̀ kò ní gbà ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó gba ọ̀gá ní wákàtí mẹ́ta kí wọ́n tó tú fáàfù náà sílẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì tí ń jẹ ìpẹtà àti òòlù onírọ́bà. Wọ́n á kàn án díẹ̀, wọ́n á dúró kí ọ́ìlì wọlé, wọ́n á tún kàn án, títí sípíríǹgì fi bẹ̀rẹ̀ sí í dá a padà fúnra rẹ̀. Nínú gbogbo owó tí a san, wákàtí mẹ́ta yẹn ni mo kà sí èyí tí ó lérè jù.

Wọ́n gbé ẹ̀rọ tí a fi ń dán nọ́sù wò dání, èyí tí a ń fi ọwọ́ tẹ̀. Nọ́sù irú ẹ́ńjìnnì yìí kì í ṣí títí agbára dísẹ̀lì tí ń tì í yóò fi tó nǹkan bí 200 bar, bí ó bá sì ṣí, ìkùukùu ni ó yẹ kí ó tú jáde. Mẹ́rin nínú mẹ́fà ń tú ìkùukùu. Méjì ń kán tó, tó, tó bí ẹnu ẹ̀rọ omi tí kò dí. Wọ́n pààrọ̀ ẹnu méjèèjì. Ọ̀gá kìlọ̀ fún mi gidigidi kí n má ṣe gbé ọwọ́ mi sí iwájú nọ́sù nígbà tí wọ́n bá ń tẹ̀ ẹ́, torí pé ìkùukùu yẹn lágbára láti gba awọ ara wọlé. Ojú rẹ̀ lè má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, síbẹ̀ ilé ìwòsàn ni ó yẹ kí a gbé ẹni tí ó bá ṣe lọ lójú ẹsẹ̀.

Pọ́ǹpù ńlá tí ń pín dísẹ̀lì fún àwọn nọ́sù ni ó bà mí lẹ́rù jù. Pọ́ǹpù onílà ti Bosch ni, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ náà ti ń ṣe láti 1927. Ọ̀pá kan wà nínú rẹ̀ tí ń lọ síwá sẹ́yìn láti pinnu iye dísẹ̀lì tí sílíńdà kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Òun náà ni ó máa ń sún nígbà tí a bá fẹ́ pa ẹ́ńjìnnì. Dísẹ̀lì àtijọ́ ti gbẹ mọ́ ọn bí oje igi, kò sì mira. Ọ̀rọ̀ yìí le ju pé ẹ́ńjìnnì kò ní sítáàtì lọ. Bí ọ̀pá náà bá dì síbi tí dísẹ̀lì ti ń lọ púpọ̀, ẹ́ńjìnnì yóò sítáàtì, yóò sì máa sáré sí i títí yóò fi fọ́ ara rẹ̀, yíyí kọ́kọ́rọ́ padà kò sì lè dá a dúró, torí pé kì í ṣe iná mànàmáná ni ó fi ń jó dísẹ̀lì rẹ̀. Ohun méjì péré ni ó lè pa á: kí dísẹ̀lì dáwọ́ dúró, tàbí kí afẹ́fẹ́ dáwọ́ dúró. Ọ̀gá ṣí ìdérí ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, wọ́n fi dísẹ̀lì tuntun rin inú rẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n sì fi ìka méjì tì í lọ, tì í bọ̀, títí ó fi ń yọ̀ fúnra rẹ̀. Wọn kò fi òòlù kàn án. Síbẹ̀, kí a tó gbìyànjú láti sítáàtì, wọ́n gé pákó pẹlẹbẹ kan, wọ́n lẹ rọ́bà mọ́ ojú rẹ̀, ọmọṣẹ́ kan sì gbé e dúró ti ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fa afẹ́fẹ́, kí ó lè dí i pa bí ọ̀rọ̀ bá bẹ́yìn yọ. A kò lo pákó náà, ṣùgbọ́n inú mi dùn pé wọ́n gé e.

Wọ́n sọ táǹkì kalẹ̀, wọ́n sì da inú rẹ̀ sínú àgbá. Dísẹ̀lì tí ó wà lókè ń rùn bí fáńníìṣì, omi wà nísàlẹ̀, láàárín méjèèjì ni ohun dúdú kan sì wà tí ń yọ̀ kòlọ́kòlọ́ lọ́wọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ni. Inú omi ni wọ́n ń gbé, wọn a sì máa jẹ dísẹ̀lì tí ó wà lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá wá ń rìn, tí táǹkì ń mì, gbogbo rẹ̀ yóò lọ dí fílítà. Omi náà kò ti ọ̀nà jíjìn wá. Táǹkì tí kò kún máa ń mí. Afẹ́fẹ́ ọ̀rinrin ń wọ inú rẹ̀, ó sì ń di ìrì sára irin rẹ̀ nígbà tí òtútù bá mú. Ká ní a mọ̀ ni, à bá ti bu dísẹ̀lì kún un dé ẹnu kí a tó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀.

Ní ti iná mànàmáná, n kò ní jẹ́ kí ó gùn. Bátìrì méjì onífólítì 12 ni a so pọ̀ láti di 24. Wáyà tí ó so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀ ti dípẹtà lábẹ́ bóòtù rẹ̀. Wọ́n fi sáńpépà ha á títí irin fi ń dán, sítátà sì yí bí ó ṣe yẹ. Bíréèkì àti táyà kì í ṣe iṣẹ́ tiwọn, wọ́n sì sọ bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó bá wa ṣe é.

Ọjọ́ kẹta ni kẹ́ẹ̀gì dé. Ọ̀gá kò so táǹkì tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Wọ́n ní bí ẹ́ńjìnnì bá kọ̀ nígbà tí gbogbo nǹkan ti wà lára rẹ̀, ibi ogún ni àléébù lè ti wá; ṣùgbọ́n bí dísẹ̀lì tó mọ́ bá wà nítòsí pọ́ǹpù, tí rọ́bà tí ó gbé e wá sì jẹ́ èyí tí ojú ń rí inú rẹ̀, a ti yọ táǹkì, páìpù gígùn àti gbogbo ìdè wọn kúrò nínú ẹjọ́. Wọ́n tú bóòtù kékeré orí fílítà kí afẹ́fẹ́ lè jáde, wọ́n ń tẹ pọ́ǹpù ọwọ́ títí ìfófòó fi tán nínú dísẹ̀lì tí ń tú síta, wọ́n sì ṣe bákan náà lára pọ́ǹpù ńlá. Wọ́n fa ọwọ́ tí ń pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n wá fi sítátà yí i láìjẹ́ kí ó mú iná, títí abẹ́rẹ́ géèjì ọ́ìlì fi gbéra. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó fi í sílẹ̀ pé kí ó sítáàtì.

Nígbà tí èéfín funfun kọ́kọ́ rú jáde, ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. Èéfín funfun túmọ̀ sí pé dísẹ̀lì ti ń dé inú sílíńdà ṣùgbọ́n kò tíì jó. Bí sítátà bá ń yí tí kò sì sí èéfín kankan, kò sí dísẹ̀lì níbẹ̀ nìyẹn. Ní ìgbà kẹrin, sílíńdà méjì mú un, lẹ́yìn náà mẹ́rin, lẹ́yìn náà gbogbo wọn, ìró wọn sì dọ́gba. Bàbá mi, tí wọ́n jókòó sórí àga nítòsí, kò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn na ọwọ́, wọ́n gbé e lé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, wọn kò sì gbé e kúrò fún ìgbà pípẹ́. Ìdajì wákàtí ni ẹ́ńjìnnì fi ṣiṣẹ́ lórí kẹ́ẹ̀gì yẹn láìkọsẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ wọn ti ṣìnà ni mo ń bọ̀ yìí. Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n so táǹkì padà, ẹ́ńjìnnì sítáàtì, ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 11, ó wúkọ́, ó kú. Wọ́n tẹ pọ́ǹpù ọwọ́, ó sítáàtì, ó tún kú. Ọ̀gá ní pọ́ǹpù kékeré tí ń fa dísẹ̀lì láti táǹkì wá ni ó ti rẹ̀, àfi kí a ra òmíràn. Mo béèrè pé ṣé kì í ṣe pọ́ǹpù yẹn náà ni ó ń fà láti inú kẹ́ẹ̀gì lánàá. Wọ́n dá mi lóhùn pé orí àpótí ni kẹ́ẹ̀gì wà, ó ga ju pọ́ǹpù lọ, dísẹ̀lì sì ń fúnra rẹ̀ ṣàn sọ̀kalẹ̀. Nítorí náà, ti àná kò fi hàn pé pọ́ǹpù náà lágbára láti fà á gòkè. Òótọ́ ni wọ́n sọ, mo sì gbà. Ṣùgbọ́n ìdánwò tí ì bá yanjú ọ̀rọ̀ náà kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ: kí a gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí a wò ó bóyá pọ́ǹpù yóò fà á. Ẹni tí kò jẹ́ kí ọmọṣẹ́ wọn fi agbára ti irin lọ́jọ́ kejì ni wọ́n ní kí a ra pọ́ǹpù láìdán èyí tí ó wà wò lọ́jọ́ kẹrin. A rà á. Wọ́n dè é. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì kú.

Ìgbà yẹn ni bàbá mi tún ọ̀rọ̀ wọn sọ láti orí àga: “Ọ̀gá, ṣé ẹ rántí pé mo ní bí ó bá ti lọ sísàlẹ̀ ìdajì?” Dísẹ̀lì tí a bù sínú táǹkì tí wọ́n fọ̀ kò tó ìdámẹ́rin rẹ̀. Ọ̀gá dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí Bàbá má bínú, wọ́n sì gbé rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀ jáde padà. Wọ́n fi í sí àárín páìpù táǹkì àti pọ́ǹpù, wọ́n sítáàtì ẹ́ńjìnnì, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ tì í. Fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, dísẹ̀lì kún inú rẹ̀ gbáú, kò sí àbàwọ́n kan. Lẹ́yìn náà, ìfófòó kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ gba inú rẹ̀ kọjá. Òmíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí ó fi tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, wọ́n ti ń tò tẹ̀ lé ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ inú okùn, wọ́n ń kó jọ síbi tí rọ́bà náà ti tẹ̀, ibẹ̀ sì ti di àlàfo tí ó gùn tó ìka.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá ni ibi tí dísẹ̀lì ti ń jò síta. Bí wọn kò bá rí i, wọ́n á gbà pé kò sí ibi tí ó là. Ṣùgbọ́n láti táǹkì dé pọ́ǹpù kékeré, ńṣe ni a ń fa dísẹ̀lì, a kì í tì í. Ibi tí ó bá là lójú ọ̀nà yẹn lè má tú ẹ̀kán dísẹ̀lì kan síta nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fà wọlé, abẹ́ rẹ̀ yóò sì gbẹ táútáú. Bí dísẹ̀lì bá ṣe ń lọ sílẹ̀ nínú táǹkì, bẹ́ẹ̀ ni pọ́ǹpù ṣe ní láti fà á kíkankíkan sí i, bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tí ń bá a wọlé ṣe ń pọ̀ sí i. Ohun tí bàbá mi sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ gan-an nìyẹn.

Orí táǹkì ni wọ́n ti rí i: rọ́bà kékeré kan tí kò gùn ju ìka lọ, tí ó so irin táǹkì mọ́ páìpù gígùn. Bí ẹ bá wò ó lókèèrè, kò ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n tú kílíìpù rẹ̀, tí wọ́n sì tẹ rọ́bà náà láàárín ìka méjì, ni abẹ́ rẹ̀ là bí ẹnu ẹja, níbi tí kílíìpù ti ń bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n ti tú rọ́bà yìí nígbà tí wọ́n ń sọ táǹkì kalẹ̀, wọ́n sì dá a padà síbẹ̀ bí ó ṣe wà. Wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, wọ́n sì pààrọ̀ gbogbo rọ́bà dísẹ̀lì yòókù tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì lórí táǹkì tí kò tó ìdámẹ́rin. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n dá pọ́ǹpù àtijọ́ padà, kí a sì gbé kẹ́ẹ̀gì sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó fà á láìsí wàhálà. Inú àpótí irinṣẹ́ wa ni pọ́ǹpù tuntun wà báyìí. Ọ̀gá kò gba owó iṣẹ́ ọjọ́ kẹrin, ìwà yẹn sì wú mi lórí, ṣùgbọ́n owó pọ́ǹpù ti lọ.

Ẹ̀sùn mi kejì kéré sí ti àkọ́kọ́. Nígbà tí wọ́n ń dá nọ́sù padà, méjì tí wọ́n pààrọ̀ ẹnu wọn nìkan ni wọ́n fi wọ́ṣà bàbà tuntun sí. Bàbà jẹ́ irin tí ó rọ̀. Wọ́ṣà rẹ̀ máa ń fẹ̀ mọ́ ibi tí wọ́n bá kọ́kọ́ dè é mọ́, bí a bá sì tún un lò, kò dájú pé yóò dí ihò náà mọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí mo fi ń gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn bá ń mí láàárín eyín, èérí dúdú sì yí ìdí nọ́sù kẹta ká. Wọ́n wá lọ́jọ́ tí mo pè wọ́n, wọn kò jiyàn, wọ́n pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Síbẹ̀, nínú gbogbo ohun tí a rà fún ẹ́ńjìnnì náà, kò sí èyí tí ó kéré tó wọ́ṣà, n kò sì rí ìdí tí ẹni tí ó tú nọ́sù fi yẹ kí ó máa ṣún un ná.

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n yí padà jù lọ ni pé wọn kì í kọ nǹkan sílẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ láàárín ọjọ́ mẹ́rin pọ̀, orí nìkan ni wọ́n sì kó gbogbo rẹ̀ sí. Ká ní ọ̀rọ̀ bàbá mi wà lórí bébà, tí ẹnìkan sì kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, mo gbà pé orí táǹkì ni wọ́n ì bá kọ́kọ́ lọ. Èmi ni mo wá ń kọ ọ́ sínú ìwé fúnra mi: nọ́sù wo ni wọ́n tún ṣe, fáàfù wo ni ó dì, rọ́bà wo ni wọ́n pààrọ̀. Iṣẹ́ tí a fi irú sùúrù yẹn ṣe yẹ kí ó ní àkọsílẹ̀ tí wọn yóò fà lé olówó ọkọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń lọ.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ dísẹ̀lì tí ó ti pẹ́ nílẹ̀, tí ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìkánjú bà á jẹ́, irú iṣẹ́ yìí ni mo lè tọ́ka yín sí. Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún wọn. Wọn kò yẹ fún ẹni tí ó fẹ́ kí ọkọ̀ òun gbéra lọ́jọ́ kan náà, torí pé ọjọ́ àkọ́kọ́ lè parí láìgbọ́ ìró kankan. Ẹ dúró tì wọ́n bí ẹ bá ráyè. Inú wọn máa ń dùn sí ẹni tí ó bá ń béèrè ìdí. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ ra ohun kan, ẹ fi ọ̀wọ̀ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ fi ìdánwò rẹ̀ hàn yín. Ọ̀gá tí ó mọṣẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kì í bínú sí ìyẹn. Tiwa gan-an ti ń ṣe é báyìí kí a tó béèrè.

A pààrọ̀ fílítà dísẹ̀lì lẹ́yìn wákàtí mẹ́wàá àkọ́kọ́, ó sì dúdú. A pààrọ̀ ìkejì lẹ́yìn ogún, ó pọ́n díẹ̀. Ìkẹta tí a ṣí ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti mọ́. Rọ́bà tí ojú ń rí inú rẹ̀ kò sí lára ẹ́ńjìnnì mọ́, torí pé ooru àti dísẹ̀lì máa ń mú irú rẹ̀ gan paali. Ọ̀gá fi í sílẹ̀ fún wa, a sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú pọ́ǹpù tuntun. Ní Sátidé, bàbá mi ní kí n gbé àwọn jáde nínú bọ́ọ̀sì náà. Géèjì dísẹ̀lì ni wọ́n kọ́kọ́ wò: ó wà lábẹ́ ìdajì. Wọ́n ní kí n má bu òmíràn sí i, kí n gba ọ̀nà òkè, a sì gùn ún dé orí láìgbọ́ ikọ́ kankan.